Ìtànṣán Ẹ́síréè: Ọ̀rẹ́ Ni Tàbí Ọ̀tá?

Li ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ará Jámánì rí ìtànṣán tí ń la ẹran ara kọjá tí ó sì ń fi egungun hàn. Aiyé yọ̀, ṣùgbọ́n Clarence Dally, ẹnití ó fi ìtànṣán náà ṣiṣẹ́ fún Edison li Amẹ́ríkà, kú li ọdún 1904 lẹ́hìn tí a ti gé apá rẹ̀ méjèjì.

Gbogbo ènìà gbà pé èyí tí ó pọ̀ ń pani. Èyí tí ó kéré li a ń jiyàn lé lórí. Li ọdún 2005 àwọn ọ̀mọ̀wé Faransé wí pé ara lè tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wí pé díẹ̀ ń mú ara le. Li ọdún 2006 àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé ọ̀ràn àwọn tí ó yè li Hiroshima àti Nagasaki yẹ̀wò, dáhùn pé bí ó ti wù kí ó kéré tó, ewu díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yi kan àwa ará Lẹ́kí àti Ajah, tí ẹ̀rọ wọ̀nyí wà nítòsí wa. Àwòrán àyà kan kò tó ìtànṣán tí ilẹ̀ àti òfurufú ń fún wa li oṣù kan. Ṣùgbọ́n àwòrán ikùn láti inú ẹ̀rọ CT lè tó ti ọdún mẹ́ta.

Nítorínà, ẹ má ṣe kọ àwòrán tí ó nídìí, ẹ má sì ṣe tọrọ èyí tí kò nídìí. Kí aboyún sọ ipò rẹ̀ fún dókítà kí a tó tan ẹ̀rọ.