Bí A Ṣe Lè Dènà Ìkùukùu Tó Máa Ń Bo Gíláàsì Ọkọ̀ Láti Inú

Ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò láti Adó-Èkìtì, tó gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọ̀kọ lọ sí Ìtawúre, tó sì forí lé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè láti ibẹ̀, yóò ti ṣàkíyèsí pé bí a ti ń sún mọ́ àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i. Ní àsìkò òjò, òjò a máa dé bá ọkọ̀ lójijì lójú ọ̀nà yìí. Àwọn èrò a ti gbogbo fèrèsé pa kí òjò má baà wọlé. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí gíláàsì iwájú yóò fi funfun bí ẹni pé wọ́n da omi ògì sí i. Awakọ̀ yóò tan wáípà; wáípà yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, gíláàsì kò sì ní mọ́. Níkẹyìn, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ihò kékeré kan, yóò sì máa yọjú wo ọ̀nà láti ibẹ̀.

Ewu ńlá ni ihò kékeré yẹn. Ọkọ̀ tó bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti rin nǹkan bíi mítà 33 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 2 péré, èyí tí í ṣe ìwọ̀n àkókò tí awakọ̀ fi ń mú àkísà nu gíláàsì. Láàrin mítà 33 yẹn, ọmọ iléèwé lè máa sọdá títì, alùpùpù tí kò tan iná lè yọ láti kọ́nà, ọkọ̀ akẹ́rù tó bàjẹ́ sì lè dúró sí ojú ọ̀nà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Awakọ̀ tí kò ríran kò lè ṣọ́ ara rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí àwọn èrò tó fi ẹ̀mí wọn lé e lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ wa. Ìkùukùu inú ọkọ̀ kì í ṣe àdììtú. Ó ní ìdí, bí a bá sì ti mọ ìdí náà, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí a fi lè dènà rẹ̀ kò gba owó kankan.

Ibi tí omi náà ti ń wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé omi òjò ló ń wọlé tó ń bo gíláàsì. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ara àwa tí a jókòó sínú ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú omi náà ti ń wá. Àgbàlagbà kan ń mí omi tó tó nǹkan bí ìdámẹ́ta lítà jáde lójúmọ́, láìka òógùn ara rẹ̀ mọ́ ọn. Bí èrò méjì bá jókòó síwájú, tí mẹ́rin há mọ́ra lẹ́yìn, tí aṣọ gbogbo wọn sì ti rin fún òjò kí wọ́n tó wọlé, ẹ wo bí omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ọkọ̀ náà yóò ti pọ̀ tó.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba omi púpọ̀ mọ́ra ju afẹ́fẹ́ tútù lọ. Ní ìwọ̀n ooru 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, mítà kan níbùú, lóòró àti lóròó afẹ́fẹ́ lè gba nǹkan bíi gíráàmù omi 30. Ní ìwọ̀n 20, kò lè gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 17 lọ. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí gíláàsì láti ìta, gíláàsì náà yóò tutù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ọkọ̀ tó bá kàn án yóò tutù pẹ̀lú, kò sì ní lè di gbogbo omi rẹ̀ mú mọ́. Èyí tó ṣẹ́kù ni yóò di ẹ̀kán omi wínníwínní lára gíláàsì. Bákan náà ni omi ṣe ń kán sílẹ̀ láti abẹ́ ìdérí nígbà tí a bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgò omi tútù ṣe ń làágùn bí a bá gbé e sórí tábìlì.

Nítorí náà, fèrèsé tí a tì pa pátápátá nítorí òjò gan-an ló ń sé omi náà mọ́ inú ọkọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí: kí gíláàsì tó lè mọ́, afẹ́fẹ́ olómi gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde, tàbí kí a gbẹ omi inú rẹ̀.

Ṣé inú ni, àbí ìta?

Kí awakọ̀ tó ṣe ohunkóhun, ó yẹ kó mọ ẹ̀gbẹ́ tí ìkùukùu náà wà. Ẹ fi ìka kan gíláàsì láti inú. Bí ìka yín bá fa ilà tó mọ́, inú ni. Wáípà kò lè ran èyí lọ́wọ́, nítorí ìta nìkan ló ń nù.

Bí ìka yín kò bá fa ilà kankan, ìta ni. Èyí a máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ti fi ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí éésì, mú gíláàsì tutù jù, tí afẹ́fẹ́ ìta sì kún fún omi. Ẹ tan wáípà, kí ẹ sì dín títutù éésì náà kù, tàbí kí ẹ darí rẹ̀ kúrò lára gíláàsì.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà

Fún ọkọ̀ tí éésì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àwọn ìgbésẹ̀ tó yẹ nìwọ̀nyí:

1. Ẹ dín eré kù, kí ẹ sì tan iná iwájú.

2. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń darí afẹ́fẹ́ sí gíláàsì iwájú. Àwòrán gíláàsì tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tí ọfà mẹ́ta kọ́lọkọ̀lọ gòkè lára rẹ̀, ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

3. Ẹ tan éésì. Kì í ṣe tútù nìkan ni iṣẹ́ éésì. Ó ń gbẹ omi inú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Omi tí ẹ máa ń rí tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tó tan éésì, inú afẹ́fẹ́ ọkọ̀ náà ló ti fà á jáde.

4. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Bí iná bá ń tàn lára bọ́tìnì tó ní àwòrán ọkọ̀ tí ọfà yípo nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kan náà tí ẹ ti mí ni ẹ̀rọ ń yí po. Ẹ pa á.

5. Bí ìkùukùu bá ti ń ká, ẹ lè yí ìwọ̀n ooru sókè díẹ̀ láì pa éésì. Afẹ́fẹ́ tó gbẹ, tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, ló ń mú gíláàsì mọ́ kíákíá.

6. Bí gíláàsì ẹ̀yìn bá ní àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń mú un gbóná, ẹ tan án.

Ọkọ̀ tí éésì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò wa jẹ́ tòkunbọ̀, éésì ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú tipẹ́. Èyí kò ní ká jókòó sínú ìkùukùu. Ẹ sọ fèrèsé méjì kalẹ̀ níwọ̀n ìka méjì, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ òdìkejì, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ọkọ̀ kọjá. Òjò díẹ̀ lè ta sí èrò lára, ṣùgbọ́n aṣọ tó rin díẹ̀ sàn ju jàǹbá lọ. Ẹ tan fáànù ọkọ̀ sí gíláàsì, kí ẹ sì lo afẹ́fẹ́ gbígbóná ẹ̀ńjìnnì bí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bí gíláàsì kò bá mọ́ síbẹ̀, ẹ dúró. Kí ibi tí ẹ ó dúró sí jẹ́ ibi tó tẹ́jú, tó kúrò lójú ọ̀nà, tó sì jìnnà sí kọ́nà àti góńgó òkè. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ tó fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo gíláàsì náà. Ẹ má ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, nítorí ọ̀rá ọwọ́ á máa dúró lára gíláàsì, ìkùukùu mìíràn á sì tètè mú un. Ẹ má ṣe nu gíláàsì lórí eré rárá.

Ìmúrasílẹ̀ kí a tó gbéra

Gíláàsì tó dọ̀tí ni ìkùukùu máa ń tètè mú. Eruku, èéfín àti ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ọn ni ẹ̀kán omi fi ń ṣe ibùsùn. Ó kéré tán, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ inú gíláàsì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní àsìkò òjò, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí yóò fi dán. Àwọn kan a máa fi ọṣẹ ìfọwo fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, wọn a sì nu ún gbẹ. Èyí a máa mú kí omi tẹ́ lọ pẹrẹsẹ dípò kó di ẹ̀kán. Ó dára, bí a kò bá jẹ́ kí ọṣẹ náà ṣẹ́kù, nítorí ojú ọṣẹ a máa mú kí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lóru tàn yanran sí awakọ̀ lójú. Ẹ má ṣe lo kẹrosíìnì. Ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ó sì lè gbiná.

Ẹ kó ohun tó rin kúrò nínú ọkọ̀. Máàtì ẹsẹ̀ tó mu omi yó, agbòjò tó ń kán tótó, àti àpò ẹ̀gẹ́ rírẹ tàbí ẹ̀fọ́ tútù tí a gbé sẹ́sẹ̀ èrò yóò máa tú omi sínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìrìn-àjò náà. Inú bọ́ọ̀tù ni ààyè irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ sá máàtì nígbàkigbà tí oòrùn bá yọ. Fún ọkọ̀ tó ń sùn níta, ẹ lè da iyọ̀ gbígbẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ mímọ́, kí ẹ so ó, kí ẹ sì gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù lóru. Iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra bí afẹ́fẹ́ bá tutù nini. Ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ ni èyí jẹ́, kò lè rọ́pò fèrèsé tó ṣí díẹ̀ nígbà tí èrò bá kún ọkọ̀.

Àmì pé ó yẹ kí mẹkáníìkì rí ọkọ̀ náà

Bí ìkùukùu bá ń bo gíláàsì lójoojúmọ́, kódà nígbà tí awakọ̀ nìkan wà nínú ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ ní àbùkù. Ẹ yẹ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn wò bóyá ó ti ya. Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ máàtì bóyá ó rin. Ẹ ní kí wọ́n wo fílítà afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bóyá ìdọ̀tí ti dí i. Bí gíláàsì bá ní ọ̀rá, tí òórùn dídùn kan sì ń jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbóná, omi rédíétọ̀ lè máa jò sínú ọkọ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí ẹ̀ńjìnnì pàápàá wà nínú ewu.

Ojúṣe èrò ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan awakọ̀ nìkan. Èrò tó ń bínú pé òjò ń ta sí òun lára, tó sì fi agídí ti fèrèsé pa, ń bo ojú ẹni tó ń gbé e lọ. Ẹ gbọn agbòjò yín kí ẹ tó wọlé. Ẹ gba ìka méjì tí awakọ̀ ṣí láyè. Bí ẹ bá sì rí i pé ihò kékeré ló ń gbà ríran, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí nọ́ńbà 122, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àdúrà wa, àti ìmọ̀ràn wa, ni pé kí ẹ má ṣe nílò rẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ láàrin Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, ẹ rántí pé èémí tiwa ni a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fún ní ọ̀nà jáde.