Ìwọ̀n oògùn àti ìwòsàn ibà ní Sẹ̀mẹ̀

Ìwọ̀n oògùn ibà ni iye oògùn tí aláìsàn gbọ́dọ̀ lò, iye ìgbà àti iye ọjọ́ tí yóò fi lò ó, kí kòkòrò ibà lè tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Sẹ̀mẹ̀ jẹ́ ìlú ẹnubodè ní ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, ìpínlẹ̀ Èkó. Kraké ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló kọjú sí i. Òkun, ọ̀sà àti irà ló yí agbègbè náà ká, kò sì sí oṣù tí ibà kì í mú èèyàn níbẹ̀. Ìlànà ìtọ́jú tí Nàìjíríà ń lò ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Ìtàn

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, chloroquine ni oògùn ibà tó wọ́pọ̀ jù. Àgbàlagbà a máa lo hóró mẹ́rin lọ́jọ́ kìíní, mẹ́rin lọ́jọ́ kejì, méjì lọ́jọ́ kẹta. Ó máa ń mú kí ara yún ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn mìíràn a sì pa á tì kó tó pé. Nígbà tó yá, kòkòrò ibà kò kà á sí mọ́. Ní 2005, Nàìjíríà yí sí àpapọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀; artemether pẹ̀lú lumefantrine ló gbajúmọ̀ jù.

Ìwúwo ara ni òdiwọ̀n

Hóró kékeré ní mílígíráàmù 20 artemether àti 120 lumefantrine. Ọmọ kílò 5 sí 14 ń lo ẹyọ kan. Kílò 15 sí 24, méjì. Kílò 25 sí 34, mẹ́ta. Ẹni tó tó kílò 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, fún ọjọ́ mẹ́ta. Wákàtí 8 ló wà láàárín ìlò kìíní àti èkejì. Bí aláìsàn bá bì í láàárín wákàtí kan, yóò tún un lò. Hóró ńlá 80/480 tún wà lọ́jà: ẹyọ kan rẹ̀ tó hóró kékeré mẹ́rin, nítorí náà ẹyọ kan ni àgbàlagbà ń lò lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá fi ọjọ́ orí nìkan díwọ̀n, ọmọ tó sanra ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lè má rí oògùn tó.

Lumefantrine àti ọ̀rá

Artemether a tètè pa kòkòrò púpọ̀, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti ń kúrò lára. Lumefantrine ló ń dúró fún ọjọ́ mélòó kan láti pa ìyókù. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ keje: níbi tó bá ti kéré, ibà a máa padà. Lumefantrine kì í wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa láìsí ọ̀rá. Ìwádìí kan ní 2007 fi hàn pé mílílítà 36 wàrà sóyà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún un. Ẹ̀kọ lásán kò ní ọ̀rá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ òun àkàrà ní in. Lára aboyún àti ọmọdé tí kò jẹun kánú, lumefantrine inú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń kéré bí wọ́n tilẹ̀ lò ó pé.

Ibà líle

Abẹ́rẹ́ artesunate ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀: mílígíráàmù 2.4 fún kílò kan, 3 fún ọmọ tí kò tó kílò 20, lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn wákàtí 12 àti 24. Nínú ìwádìí AQUAMAT ti 2010, tí Ìlọrin wà lára ibùdó rẹ̀, ọmọ 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lára àwọn tó gba artesunate, 10.9 lára àwọn tó gba kuiníìnì. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, oògùn oníhóró ọjọ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Àríyànjiyàn

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé oògùn tí kò pé ìwọ̀n ló ń kọ́ kòkòrò láti dúró lòdì sí artemisinin, irú èyí tó ti fara hàn ní Rùwáńdà àti Uganda. Àwọn mìíràn ní lílo artemisinin ní òun nìkan, láìsí alábàápín, ló fà á jù. Ó jọ pé méjèèjì lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò tíì dájú èyí tó pọ̀ jù.

Ojúlówó oògùn

Ìwọ̀n tó pé kò lérè bí oògùn bá jẹ́ ayédèrú. Ìwádìí kan ní Enugu, tó jáde ní 2015, rí i pé bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn oní-artemisinin tí wọ́n yẹ̀ wò kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ní ẹnubodè tí páálí elédè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti ń pàdé, kí oníbàárà béèrè nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Nàìjíríà, kó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kó sì wọn ọmọ kó tó fún un lóògùn.