Ìwọ̀n Èémí Kò Yẹ Kó Tẹ̀lé Àwọ̀ Ara

Bí àgbàlagbà bá ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́, nǹkan bí ìdajì lítà afẹ́fẹ́ ló ń wọlé, tó sì ń jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa èémí sínú dé òpin, iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn yóò sọ̀ kalẹ̀, àwọn iṣan ààrin egungun ìhà yóò gbé igbá àyà sókè. Afẹ́fẹ́ tí ó máa lè fẹ́ jáde lẹ́yìn èyí lè tó lítà 4 sí 5 lára ọkùnrin tí ara rẹ̀ le. John Hutchinson, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí ìwọ̀n yìí lọ́dún 1846, lẹ́yìn tó fi sípírómítà, ẹ̀rọ ìwọ̀n èémí, wọn èémí àwọn ènìyàn tó lé ní 2,000. Ó rí i pé èémí ń pọ̀ sí i bí ènìyàn bá ṣe ga tó. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá fi àwọ̀ ara kún ìṣirò náà, èrò mi sì ni pé kò ní ipò kankan níbẹ̀.

Lọ́dún 1851, Samuel Cartwright, dókítà tó gbè sẹ́yìn ìkóninlẹ́rú, kọ ọ́ pé ẹ̀dọ̀fóró aláwọ̀ dúdú kò ṣiṣẹ́ tó, ó sì fi èyí dá iṣẹ́ tipátipá láre. Ìwé tí Lundy Braun tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 tọpa bí èrò yìí ṣe dénú ẹ̀rọ òde òní, tó fi di pé wọ́n ń yọ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ gba èsì pé àlàáfíà ló wà.

Àwọn kan lè wí pé ìwádìí púpọ̀ fi hàn pé ìwọ̀n náà kéré lóòótọ́ lára aláwọ̀ dúdú, àti pé ẹsẹ̀ wọn sábà máa ń gùn, tí àyà wọn sì ń kúrú, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn mìíràn tó ga tó wọn. Bí ó bá jẹ́ ti àyà ni, ẹ jẹ́ kí a wọn gíga ẹni náà lórí ìjókòó. Yàtọ̀ sí èyí, èéfín, eruku ibi iṣẹ́ àti àìjẹunre-kánú ní kékeré náà ń dín agbára ẹ̀dọ̀fóró kù. Bí a bá sọ ìpalára di òṣùwọ̀n ìlera, ta ni yóò wá ìwòsàn?

Àtakò tó lágbára jù ni pé òṣùwọ̀n kan ṣoṣo lè mú kí wọ́n ka aláwọ̀ dúdú púpọ̀ sí aláìsàn, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn tàbí kí wọ́n má rí iṣẹ́ abẹ gbà. Ewu náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dájọ́. Èsì aláìsàn ti tẹ́lẹ̀, bí ó ṣe lè rìn tó àti ohun tó ń ṣe é ló yẹ kí dókítà pa pọ̀ wò. Lọ́dún 2023, American Thoracic Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn òṣùwọ̀n tí kò ya ẹ̀yà sọ́tọ̀. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn gbogbo, títí kan tiwa, yẹ ẹ̀rọ wọn wò, kí wọ́n mọ òṣùwọ̀n tí ó ń lò kí wọ́n tó gba èsì rẹ̀ gbọ́.