Ajá Husky: Láti Orí Òjò Dídì Wọ Inú Ilé

Ajá Husky tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń sìn lónìí kì í ṣe ajá ìgbafẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Chukchi, ní ìlà-oòrùn Siberia, ni ó sìn ín kí ó lè máa fa ọkọ̀ tí kò ní táyà lórí òjò dídì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1909, ó ti dé Alaska.

Ní oṣù kìíní ọdún 1925, àrùn ọ̀fun tí ń jẹ́ difitíríà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Nome, ní Alaska. Òkun ti dì, ọkọ̀ ojú omi kò lè kọjá. Ọkùnrin 20 àti ajá bí 150 gba oògùn náà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n rin ohun tó ju kìlómítà 1,000 lọ, títí oògùn fi dé ní ọjọ́ kejì oṣù kejì. Balto ni ó ṣíwájú wọ ìlú, òun ni a sì gbẹ́ ère rẹ̀ sí New York. Ṣùgbọ́n Togo, ajá Leonhard Seppala, ni ó rin ọ̀nà tó jìn jù.

Ní ọdún 1930, American Kennel Club forúkọ irú ajá yìí sílẹ̀. Ó di ará ilé, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́. Irun rẹ̀ nípọn ní ìpele méjì, ooru líle léwu fún un. Bí kò bá rí ibi sáré, a máa ba ilé jẹ́. Ẹni tí ó bá rà á nítorí ẹwà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ni òun mú wọlé.