Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àtúnyẹ̀wò Iṣẹ́ Oníwèé-Ìròyìn Kékeré láti Abẹ́òkúta títí dé Èkó

Èrò kan ti ń fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ìròyìn wa pé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kékeré kò ju ibùdúró lọ: ibi tí ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn ti ń kọ́ṣẹ́ kí ìwé ìròyìn ńlá tó pè é. Owó oṣù tí kò tó nǹkan àti ẹ̀dà tí kò pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí. Àpilẹ̀kọ yìí kò bá wọn jiyàn lórí owó oṣù. Ọ̀rọ̀ ibùdúró yẹn ló ń bá jà, nítorí àwọn tí ìtàn iṣẹ́ yìí dúró lé léjìká kò jọ ẹni tó ń retí ọkọ̀ kankan.

Ohun tí ìwé ìròyìn àdúgbò jẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ìtumọ̀. Ìwé Ìròhìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend gbé jáde ní Abẹ́òkúta ní 3 Disẹ́ḿbà 1859 ni gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ta ló ṣèrìbọmi, ta ló kú, àlùfáà wo ló rìnrìn àjò, ibo ni ọ̀rọ̀ òwú dé, ìwọ̀nyí ló kún inú rẹ̀. Rògbòdìyàn Ìfọ́lé, tó lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò nílùú, ló pa á ní 1867.

Ọdún 1920 sókè ló yẹ ká dúró sí. Adéoyè Dẹ́níga dá Èkó Àkéte sílẹ̀ ní 1922. E. A. Akíntàn tẹ̀ lé e pẹ̀lú Elétí Ọfẹ ní 1923, D. A. Ọbasá gbé Yoruba News jáde ní Ìbàdàn ní 1924, I. B. Thomas sì gbé Akéde Èkó tirẹ̀ dé ní 1928. Nígbà náà, òfin ìwé ìròyìn ọdún 1903 ti wà nílẹ̀, ó sì ń béèrè ìdúró 250 pọ́n-ùn lọ́wọ́ oníwèé ìròyìn. Ta ni yóò fi ọrùn ara rẹ̀ dúró fún irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́la?

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé, ní ìdojúdé. Àpótí lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ẹ, ọ àti ṣ nínú.

Ìyàtọ̀ tí àwọn elérò ibùdúró kò fiyè sí ni èyí tó wà láàárín akọ̀ròyìn tí a mọ orúkọ rẹ̀ àti èyí tí a mọ ojú rẹ̀. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n òun gan-an ni òpó ilé yìí. Akọ̀ròyìn ìwé ńlá, orúkọ rẹ̀ ló ń rìn. Ó lè ta ko baálẹ̀ ìlú kan láàárọ̀, kí ó má sì fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà títí ọdún yóò fi yípo. Olóòtú ìwé kékeré ń gbé ní òpópónà tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ ní Sátidé pé owó ìjọ kò pé, yóò bá akápò jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ọjọ́ Ìsinmi. Bó bá ṣi orúkọ òkú kọ, ilẹ̀ kò ní í mọ́ tán kí àwọn ọmọ olóògbé tó kan ilẹ̀kùn. Bí àgbà bá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ti ìlú lásán ló ń sọ. Nínú iṣẹ́ yìí, ojú ni ìròyìn wà pẹ̀lú.

Ojú kan náà ni gbèsè ń wò. Ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tí kò san owó àsansílẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nínú ìwé ìròyìn Èkó ìgbà náà, ẹ̀gún sì máa ń wà nínú ẹ̀bẹ̀ náà nígbà mìíràn. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti le: onígbèsè yìí náà ló ń mú ìròyìn wá, òun ló ń pe olóòtú síbi ìkómọjáde, àna rẹ̀ ló ń ta pépà. Bí olóòtú bá dójú tì í, orísun ìròyìn gbẹ. Bó bá dákẹ́, ìwé kò ní í jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ilé ìwé ìròyìn ńlá tó ń kọ́ ènìyàn ní irú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí, nítorí náà kò yé àpilẹ̀kọ yìí bí a ṣe lè sọ pé ìmúrasílẹ̀ fún ibẹ̀ ni.

Ìyàtọ̀ ojú àti orúkọ yìí náà ló la ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá. Láti Júláì 1929 títí di Máàṣì 1930, Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, obìnrin kan tó ń jẹ́wọ́ bí òun ṣe fi ẹwà àti ọkùnrin lo ayé òun. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ènìyàn gidi ni. Olóòtú fúnra rẹ̀, Thomas, tó ti ṣe tíṣà rí, ló ń kọ ọ́. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa gẹ́gẹ́ bí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní Yorùbá, a kò bá wọn du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ọgbọ́n iṣẹ́: níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ojú rẹ, ojú ẹlòmíràn ni wàá yá bí o bá fẹ́ sọ ohun tí Èkó ń ṣe ní kọ̀rọ̀.

A kò ní sọ pé èrò ibùdúró ti wó tán. Àwọn tó kọjá sí ìwé ńlá wà, wọn kò sì kéré. Ó kàn ṣeé ṣe kí ó ṣòro láti fi èrò náà túmọ̀ Ọbasá, tó kó ewì jọ di Ìwé Kínní ti Àwọn Akéwì ní 1927, tí kò sì yéé ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí di 1945 tó kú. Ó ṣòro láti fi túmọ̀ Àlàó Adédayọ̀ náà, tó gbé ìwé ìròyìn Aláròyé jáde ní 1985, tó wọlẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó tún padà sídìí rẹ̀ títí ó fi dúró ní 1996. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ kì í padà síbi tó ti já bọ́.

Ó ku apá kan tí ààyè kò gbà níhìn-ín. Thomas àti Akíntàn rìnrìn àjò lọ sókè ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì tẹ ìròyìn ìrìn náà sínú ìwé wọn: ìlú, ìjọ, ẹni tó gbà wọ́n lálejò, orúkọ tẹ̀ lé orúkọ. Lójú àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀pọ̀ nínú ìrìn wọ̀nyí jọ ìrìn ẹni tó ń wá olùrà, tó sì ń fi ojú han onígbèsè. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901, nítorí náà ó yẹ kí a lè to àwọn ìlú náà sórí máàpù, kí a sì fi wọ́n wé ibi tí àwọn aṣojú ìwé ìròyìn wà. Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tó ṣíwájú níbẹ̀ sì ni pé: ní ibùdókọ̀ wo ni olóòtú ti sọ̀kalẹ̀, ta sì ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé ní ìlú náà?