Láti Fìrìgbagbóò Dé Igbó Irúnmalẹ̀: Iṣẹ́ Ìró Nínú Ìtàn Yorùbá

Kí apàlọ́ tó dárúkọ Ìjàpá rárá, yóò ti ní àlọ́ òun dá fìrìgbagbóò. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́ka sí nǹkan kan pàtó, síbẹ̀ ìró rẹ̀ nìkan ti tó kí àwọn ọmọdé sún mọ́ra. Etí ni ìtàn Yorùbá kọ́kọ́ ń gbà wọ ọkàn.

Èdè wa ló ní ohun èlò yìí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ìfìró-gbóyeyọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé òye yọ. Òkè ga fíofío, omi tutù nini, òkùnkùn ṣú biribiri. Ohùn pàápàá níṣẹ́ tirẹ̀: ohun tó rí rógódó kéré, èyí tó rí rògòdò tóbi. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí O. E. Vidal kọ sí ìwé Samuel Ajayi Crowther lórí èdè Yorùbá ní 1852, ó ti kíyè sí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó ń bá rìn. Ẹni tó bá ní òkè ga nini ti ṣìwí.

Nígbà tí ìtàn dé orí ìwé, ìró bá a débẹ̀. Láàrin 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde bíi lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Orin ìgbà náà àti orúkọ àdúgbò Èkó kún inú lẹ́tà obìnrin tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ yìí, débi pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni.

Ní 1938 ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ẹ wo Àgbákò, iwin tó pàdé ọdẹ Àkàrà-Oògùn nínú igbó: fìlà irin, ẹ̀wù idẹ, ṣòkòtò awọ. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, etí wa ti ń gbọ́ irin, ara wa sì ti mọ bí idẹ ṣe tutù tó. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní 1968. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí ìtumọ̀ nìkan kò lè gbé ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ ń gbé òye yọ. Lọ́dún kejì, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù. Nínú ìtàn Lápàdé, tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ìbẹ̀rù kúrò lọ́wọ́ iwin, ó di ti ọ̀daràn.

Bí òǹkọ̀wé bá ní ẹ̀rù ba ọdẹ, òǹkàwé á gbọ́, á sì kọjá. Ṣùgbọ́n kó ní: gbogbo igbó pa lọ́lọ́, nǹkan kan já lulẹ̀ gbì lẹ́yìn ọdẹ, orí rẹ̀ wú. Kò dárúkọ ẹ̀rù, síbẹ̀ ẹ̀rù ti dé. Fi fẹ́rẹ́ rọ́pò gbì, ọkàn á balẹ̀: ewé lásán ló bọ́.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń kọ ìtàn lónìí máa kà á sókè kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Etí ló ń kọ́kọ́ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti kú.