Ìtàn Oyè Ìbàdàn àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Kọ́ Ẹgbẹ́ Wa

Àwọn baba wa ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ta ni ẹgbẹ́ wa yóò fi rọ́pò àwọn àgbà tí ń tukọ̀ rẹ̀ lónìí? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa yẹ ìtàn Ìbàdàn wò.

Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Nítorí pé ibùdó ogun ni, kò sí ìdílé kan tí ó lè wí pé ti òun nìkan ni oyè. Ẹni tí ó bá láyà, tí ó sì ní ọmọ ẹ̀yìn, ni à ń fi joyè. Bí ẹni iwájú bá sì kú, ẹni tí ó tẹ̀ lé e a máa gòkè. Báyìí ni Ògúnmọ́lá ṣe jẹ́ Ọ̀tún lábẹ́ Balógun Ìbíkúnlé nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862. Ìbíkúnlé kú ní 1864. Ní 1865 Ògúnmọ́lá di Baṣọ̀run, olórí ìlú. Kì í ṣe ọjọ́ ìjoyè ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń pàṣẹ.

Ogun parí, ètò náà kò parẹ́. Ní 1936 ni orúkọ oyè Baálẹ̀ yí padà sí Olúbàdàn. Mọ́gàjí, olórí agboolé, a bẹ̀rẹ̀ láti ipò Jagun, a sì máa gun àkàsọ̀ tí ìpele rẹ̀ ju 20 lọ, yálà ní ọwọ́ Ọ̀tún tàbí ní ọwọ́ Balógun. Bí ọwọ́ kan bá jẹ Olúbàdàn, ọwọ́ kejì ni ó kàn.

A kò sọ pé ètò náà kò ní àbùkù. Àkàsọ̀ gígùn a máa gba ọjọ́ orí ẹni. Ọba Ọwọ́lábí Ọlákùlẹ́hìn gorí ìtẹ́ ní oṣù Júláì 2024 lẹ́ni ọdún 89. Ní oṣù Júláì 2025, kí ọdún kan tó pé, wọ́n wàjà. Síbẹ̀, ìlú ti mọ ẹni tí ó kàn kí ìtẹ́ tó ṣófo.

Àwa ńkọ́? Akọ̀wé wa kan ṣoṣo ni ó mọ ibi tí ìwé ẹgbẹ́ wà. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, oṣù 3 ni a kò fi lè ṣe ìpàdé tí ó ní láárí, nítorí kò sí ẹni tí ó lè jíṣẹ́ owó. A kò dá a lẹ́bi. Àwa ni a kò fi ẹnikẹ́ni sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí olóyè ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dọ́ kan lábẹ́ rẹ̀, tí yóò máa kọ ìwé ìpàdé, tí yóò máa ka owó, tí yóò sì máa ṣe àṣìṣe lójú àgbà tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Kí ẹ̀ka wa lẹ́yìn odi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kú kí ó tó yọ ọmọ; ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọ́n jù wá lọ.